Bí Rédà Ṣe Ń Rí Ìgbì Òkun Tí Ó Ti Òkèèrè Wá

(Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oníoṣù mẹ́ta)

 

Nígbà tí wọ́n kéde pé olùbẹ̀wò ni yóò sọ̀rọ̀ lónìí, àwọn kan ti ń rò ó lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ìwé owó ni a tún gbé dé. A kò bá wọn wí. Bí ènìyàn bá rí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ lókèèrè, owó ni ọkàn rẹ̀ máa ń sá lọ bá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbì òkun ni a mú wá, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní rédà, tí ń wo ìgbì náà láti ojú ọ̀run. Kí ẹni tí ó ti Ìbàdàn tàbí Ìṣẹ́yìn wá má ṣe wí pé kí ló kan òun. Nínú àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ apẹja àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ jọ ń jẹ nínú àwo kan náà ni. Bí òkun bá fọ́ ọkọ̀ ní Ìlàjẹ, ẹni tí ń gbin kòkó yóò gbọ́ ọ nígbà tí a bá ń pín èrè.

Oríṣi ìgbì méjì ni kí á kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ìgbì tí afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Kúkúrú ni, kò ní ètò, ó ń kọlu ara rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, kì í pẹ́ tí òun náà fi ń rọlẹ̀. Èkejì ni èyí tí a ó máa pè ní ìgbì òkèèrè. Ìjì ńlá ni ó dá a sílẹ̀ níbòmíràn. Ó jáde kúrò nínú ìjì tí ó bí i, ó sì ń rin ìrìn tirẹ̀ lọ lójú omi, kódà nígbà tí ìjì náà bá ti kú tán. Bí ẹ bá dúró sí etí òkun tí ẹ rí ìgbì tí ó gùn, tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí páànù orí ilé, tí ó ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò kánjú, ìgbì òkèèrè nìyẹn.

Níbo ni ó ti ń wá? Bí ènìyàn bá dúró ní etíkun Èkó tí ó kọjú sí gúúsù gan-an, kò sí ilẹ̀ ńlá kankan níwájú rẹ̀ títí dé ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Bouvet ni ó wà lójú ọ̀nà náà, yìnyín sì ti bò ó, kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Gbogbo ìyókù, omi ni. Láàrin ìwọ̀n 40 àti 60 ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Bí ìjì kan bá ti ń kọjá lọ, òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń bí púpọ̀ nínú ìgbì tí ń fọ́ sí etíkun wa, àti ti Kútọnú, àti ti Tógò. Láti ìwọ̀n 45 ní gúúsù dé Èkó tó nǹkan bí 5,700 kìlómítà.

Ọ̀nà yẹn jìn, ṣùgbọ́n ìgbì kì í sùn lójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá ṣe ìwọ̀n ìgbì, ìyẹn ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà láàrin orí ìgbì kan àti orí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nínú omi jíjìn, ìgbì tí ó bá gùn jù ni ó ń yára jù. Agbo ìgbì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15 ń rin nǹkan bí kìlómítà 42 láàrin wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 1,000 kìlómítà láàárín ọ̀sán àti òru. Láti orí ọ̀kan dé orí èkejì tó nǹkan bí 350 mítà, èyí tí ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ. Ti ìṣẹ́jú àáyá 18 ń rin kìlómítà 50 láàrin wákàtí kan; ti 12 ń rin 34. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ìjì bá jà ní ìwọ̀n 45 lónìí, ìgbì ti 18 yóò dé ọ̀dọ̀ wa kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ti 15 yóò dé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún àbọ̀, ti 12 yóò sì dé ní ọjọ́ keje. Nítorí náà, ìgbì gígùn ni aṣáájú, kúkúrú ń tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà apẹja mọ̀ pé bí ìgbì bá bẹ̀rẹ̀ sí jìnnà síra wọn, nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìṣirò ni ó wà nídìí ohun tí wọ́n fi ojú mọ̀.

Kì í ṣe rédà ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ìgbì lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1963, Walter Munk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú omi Pàsífíìkì láti New Zealand títí dé Alaska. Wọ́n rí i pé ìgbì tí ìjì ìhà gúúsù dá sílẹ̀ la òkun náà já, ó kọjá ìlà agbedeméjì ayé, ó sì dé Alaska lẹ́yìn ìrìn tí ó ju 10,000 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí nìkan ni wọ́n ti lè mọ̀. Agbami tẹ́ lọ súà, ta ni yóò gbé ẹ̀rọ sí gbogbo rẹ̀?

Rédà ni ó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ohun tí rédà ń ṣe kò ṣòroó yé. Bí ènìyàn bá kígbe lẹ́bàá àpáta ńlá, gbohùngbohùn yóò dá a lóhùn, bí ó bá sì ka àkókò tí ohùn náà fi lọ tí ó fi bọ̀, yóò mọ bí àpáta náà ti jìnnà tó. Rédà ń fi ìtànṣán rédíò kígbe dípò ohùn. Ní 1935 ni Robert Watson-Watt ṣe ìdánwò rẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi rí ọkọ̀ òfurufú, nígbà tí ogun Hitler sì dé, wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀ ọ̀tá lójú òkun pẹ̀lú. Àwọn tí ń lò ó nígbà náà kò fẹ́ràn òkun rárá. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n omi tí ń ru ń dá tirẹ̀ lóhùn, ó ń da ojú ẹ̀rọ rú bí ìgbà tí èrò ọjà ń pariwo tí a sì ń wá ohùn ọmọ kan. Ìdọ̀tí ni wọ́n ka ìdáhùn omi sí, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi pa á rẹ́.

Ẹni kan ní New Zealand, Douglass Crombie, kò pa á rẹ́. Ní 1955 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó rí nígbà tí ó fi ìtànṣán ṣọ́ọ̀tì wéèfù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 22 sí ojú òkun. Ìdáhùn tí ó gbà kò rí játijàti rárá. Ó fi hàn pé ìgbì òkun tí gígùn wọn jẹ́ ìdajì ti ìtànṣán náà, ìyẹn nǹkan bí mítà 11, ni ó ń dáhùn, àwọn yòókù dákẹ́. Ẹ ronú sí bí a ti ń fa ọkọ̀ gòkè sórí iyanrìn. Bí kálukú bá fà nígbà tí ó wù ú, ọkọ̀ kò ní mì. Bí wọ́n bá fi orin sí i, tí gbogbo ọwọ́ fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á gòkè. Bákan náà ni ìdáhùn láti ara ìgbì. Bí àlàfo ìgbì bá bá ìtànṣán mu, ìdáhùn gbogbo wọn á dé papọ̀, agbára wọn á sì di ọ̀kan. Bí kò bá mu, wọn á pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

Ìtànṣán tí rédà inú sátẹ́láìtì ń lò kúrú gan-an. Ti Sentinel-1 tí àwọn ará Yúróòpù ń lò nísinsìnyí kò ju sẹ́ńtímítà márùn-ún àbọ̀ lọ. Ohun tí ó lè dá irú rẹ̀ lóhùn kì í ṣe ìgbì ńlá, bí kò ṣe ìgbì wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń hun sójú omi, tí àlàfo wọn kò ju sẹ́ńtímítà 5 sí 7 lọ. Ẹnikẹ́ni yóò béèrè pé, ìgbì wẹ́wẹ́ ha ni a wá lọ? Ẹ ní sùúrù. A kì í fi ojú rí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọjá lórí oko àgbàdo, a ń rí ibi tí ewé ti ń tẹ̀ àti ibi tí ó ti ń dìde. Ìgbì wẹ́wẹ́ ni àgbàdo náà. Ìgbì ńlá gbé wọn sẹ́yìn. Ní ibi tí ẹ̀yìn ìgbì ńlá bá kọjú sí rédà, ìdáhùn wọn á le. Ní ibi tí ó bá kọ̀yìn, ìdáhùn á rọ̀. Ìgbì ńlá náà tún ń fún wọn pọ̀ níbì kan, ó sì ń tú wọn ká níbòmíràn. Bí a bá ya gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán, ìlà funfun àti ìlà dúdú á tò lẹ́sẹẹsẹ, a ó sì lè fi rúlà wọn gígùn ìgbì àti ìhà tí ó dojú kọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Irin tí rédà fi ń sọ ìtànṣán, tí ó sì fi ń gbà á padà, tí a ń pè ní éríà, gbọ́dọ̀ gùn kí àwòrán tó lè mọ́ kedere. Láti 800 kìlómítà lókè, bí a bá fẹ́ rí ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 25, éríà náà ì bá gùn ní kìlómítà púpọ̀. Ta ni yóò gbé èyíinì lọ sójú ọ̀run? Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ní ṣàjèjì sí àwa ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè dá ra ẹ̀rọ ìlọkòkó tàbí ilé ìpamọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń dá díẹ̀díẹ̀ jọ, ó ń di owó ńlá. Sátẹ́láìtì ń fi éríà kékeré gba ìdáhùn kan níbí, ó sún síwájú díẹ̀ ó tún gba òmíràn, ó ń kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́, kọ̀ǹpútà á sì pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé éríà ńlá kan ṣoṣo ni ó gbà wọ́n. Ní oṣù Júùnù 1978 ni Amẹ́ríkà fi Seasat ránṣẹ́, òun ni ó sì kọ́kọ́ fi irú rédà yìí wo òkun láti ọ̀run fún iṣẹ́ ìmọ̀. Éríà rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 11 lọ. Ní oṣù Ọ̀kítóbà ọdún kan náà, wáyà iná inú rẹ̀ kan ara wọn, ó sì kú. Ọjọ́ 105 péré ni ó fi ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ àwòrán ìgbì tí ó yà tó láti mú àwọn onímọ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìjà wọn ní ìdí. Ẹ̀yin mọ̀ pé bí lọ́rì bá ń fun fèrè bọ̀, ohùn fèrè náà á le. Bí ó bá ti kọjá, ohùn á wálẹ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni rédà fi ń mọ ibi tí nǹkan wà lójú àwòrán. Ó dára fún ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ kì í rìn. Ṣùgbọ́n omi òkun ń lọ sókè sódò nígbà gbogbo, nítorí náà rédà ń gbé e sí ibi tí kò sí. Bí ìgbì bá gùn, àṣìgbé náà kì í ba àwòrán jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kúrú, ohun gbogbo á dàpọ̀. Ìgbì tí ó bá ń rìn ní ipa ọ̀nà sátẹ́láìtì, tí gígùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan bí 200 mítà, sábà máa ń sọnù nínú àwòrán. Ní 1991, Klaus Hasselmann àti ìyàwó rẹ̀ Susanne, ní Jámánì, kọ ìṣirò tí a fi lè ti inú àwòrán náà padà sí ìgbì gidi. Klaus yìí náà ni ó jẹ nínú ẹ̀bùn Nobel ní 2021, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ojú ọjọ́ ayé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un. Ní 1995, Geir Engen àti Harald Johnsen ní Nọ́wè yanjú èyí tí ó kù. Bí ènìyàn bá wo ìlà páànù, kò lè sọ bóyá ó ń lọ tàbí ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ìgbì rí. Wọ́n rí i pé a lè ya ìdáhùn kan náà sí apá méjì tí àkókò wọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan síra, kí á sì wo ìhà ibi tí ìlà sún sí.

Ní èrò tiwa, ohun tí ó dùn jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ìgbì kúkúrú tí rédà kò rí dáadáa ni ìgbì afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró létí òkun lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Èyí tí rédà ń rí dáadáa ni ìgbì òkèèrè, tí kò sí ojú tí ó lè rí i títí yóò fi kàn wá lára.

Láti 1991 tí ERS-1 ti gòkè ni àwọn ará Yúróòpù ti ń ṣe iṣẹ́ yìí: ERS-2 ní 1995, Envisat láti 2002 sí 2012, Sentinel-1 láti 2014 títí di ìsinsìnyí. Lójú agbami, ní gbogbo 100 kìlómítà, Sentinel-1 ń ya àwòrán kékeré kan tí ó fẹ̀ ní kìlómítà 20, tí ó sì gùn ní 20. Ní 2009, Fabrice Collard, Fabrice Ardhuin àti Bertrand Chapron, ní Faransé, fi àwòrán Envisat tọ ipasẹ̀ ìgbì padà sí ìjì tí ó bí i, wọ́n sì fi ìṣirò kan náà mọ ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀ sí etíkun tí ó wà níwájú. Bí ẹni tí ó rí lọ́rì ní Ìbàdàn tí ó sì mọ wákàtí tí yóò dé Ọ̀rẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò wí pé ilẹ̀ wa náà ní sátẹ́láìtì. Òótọ́ ni. NigeriaSat-1 gòkè ní 2003, NigeriaSat-2 sì gòkè ní 2011. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni wọ́n gbé, kámẹ́rà kò sì lè ríran lóru tàbí láti òkè ìkùukùu. Ẹ wo bí àkókò ti rí. Láti oṣù Júùnù dé oṣù Ògọ́sì ni òtútù ń mú ní ìhà gúúsù ayé, ìgbà náà ni ìjì ibẹ̀ le jù, tí ìgbì ńlá ń wá sọ́dọ̀ wa jù. Ìgbà yẹn kan náà ni òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ìkùukùu bo etíkun mọ́lẹ̀. Àsìkò tí a nílò ojú jù ni kámẹ́rà ń di afọ́jú. Rédà kò bìkítà fún ìkùukùu, kò sì nílò oòrùn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé iná rẹ̀ dání.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú un padà sínú ìwé owó. Ẹgbẹ́ apẹja kan wà tí a kò ní dárúkọ. Ọmọ ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ dáwọ́ ẹ̀yáwó ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì dúró ní sísan. Àlàyé rẹ̀ ni pé òkun dìde lóru ní oṣù Júláì, ó gbé ọkọ̀ òun kúrò níbi tí òun fà á sí lórí iyanrìn, ó sì fọ́ ọ mọ́ kùkùté àgbọn. Ìgbìmọ̀ bi í pé, "Ìjì wo ni ó jà lóru ọjọ́ náà?" Ó ní kò sí ìjì, imọ̀ àgbọn kò tilẹ̀ mì. Wọ́n wo ara wọn lójú. Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ wa fún àyẹ̀wò, ohun tí a bá nínú rẹ̀ ni pé, "Àwáwí ni, kò sí ìjì." Onídùúró rẹ̀, obìnrin tí ń yan ẹja, ti san ìdá kan nínú gbèsè náà láti inú owó ọjà rẹ̀. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ. A kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi kò tó ohun tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́bi. Àìsí ìjì ní Ìlàjẹ kò fi hàn pé kò sí ìjì ní ìwọ̀n 45 ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú. A ní kí wọ́n ṣí ọ̀rọ̀ náà padà, kí wọ́n sì gba obìnrin náà sílẹ̀ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Báwo ni wọn yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò? Àkọsílẹ̀ ìgbì wà. Àwòrán Sentinel-1 kò ní owó lórí, ẹnikẹ́ni lè béèrè fún un, àwọn ibùdó àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, bíi ti Yúróòpù tí ó wà ní Reading, sì ní ìṣirò ìgbì fún gbogbo òkun ayé láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Nílé níbí, àjọ NIMET àti ilé ìwádìí òkun NIOMR ní Èkó ní àwọn tí ó lè ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi wá ni pé, ọjọ́ wo? Nínú ìwé ẹgbẹ́ yẹn, "oṣù Júláì" nìkan ni wọ́n kọ. Ìgbì wo ni ènìyàn yóò wá láàrin ọjọ́ 31?

Kí á má sì gbé rédà ga ju bí ó ti yẹ lọ. Sátẹ́láìtì kì í dúró sójú kan. Ó lè kọjá lórí agbami kan lónìí kí ó má tún padà síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìṣirò kọ̀ǹpútà ni ó ń dí àlàfo tí ó wà láàrin. Ìgbì gíga nìkan kọ́ ni ó sì ń mú omi wọ ìlú. Bí ó bá bọ́ sí ìgbà oṣù tuntun tàbí oṣù àrànmọ́jú, tí omi òkun ń kún jù, ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀ yóò dé. Ní oṣù Ògọ́sì 2012, omi ya wọ Kúrámọ̀ ní Èkó, ẹ̀mí sì bọ́. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ènìyàn fi àjùmọ̀ṣe tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé, ó sì ń gbà á síwájú sí i. Rédà kò lè gba ilẹ̀ padà fún wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ń rì àti ọ̀rọ̀ iyanrìn tí a dí lọ́nà wà nínú ohun tí ń jẹ etíkun wa, bí a ti rí i ní Bar Beach lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ẹni tí ó bá wí pé ìkìlọ̀ nìkan tó fún Ayétòrò kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè ṣe ni pé kí ọkọ̀ wà lókè, kí ẹ́ńjìnnì wà nínú ilé, kí ẹja yíyan kúrò nínú ahéré etí omi, kí àwọn ọmọdé má sùn síbẹ̀.

Ìkìlọ̀ yẹn ń dúró lójú ọ̀nà. Ìròyìn tí ó ti 700 kìlómítà lókè wá dé Reading, tí ó sì dé Àbújá, ni kì í rí ẹni gbé e rin ìwọ̀nba ibi tí ó kù dé etí omi. Nítorí náà ni a fi ń bẹ àpapọ̀ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yan ẹnìkan ní ọ́fíìsì, tí yóò máa gba ìròyìn òkun lọ́wọ́ NIMET láti oṣù Júùnù dé oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí yóò sì máa fi fóònù pe akọ̀wé ẹgbẹ́ etíkun kọ̀ọ̀kan. Owó fóònù ni, kì í ṣe owó sátẹ́láìtì. Kí ẹni náà mọ Yorùbá àti èdè Ìlàjẹ, kí ó sì sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó yé ènìyàn: ọjọ́ tí ìgbì yóò dé, ìwọ̀n rẹ̀, àti bóyá oṣù yóò wà ní àrànmọ́jú.

Fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ó máa wà nínú ìwé nígbàkigbà tí òkun bá ba nǹkan ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́: ọjọ́, wákàtí, bí oṣù ti rí, àti ìwọ̀n ìgbì. Èyí tí ó kẹ́yìn kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń rí ìgbì fọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka àkókò bí ìgbì kan bá ti fọ́, kí ẹ ka ìgbì mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì pín iye ìṣẹ́jú àáyá náà sí ọ̀nà mẹ́wàá. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Grand-Popo, ní ilẹ̀ Benin, ní 2013, rí i pé nǹkan bí 9 sí 10 ni ó wọ́pọ̀ ní etíkun yìí. Bí tiyín bá fò láti 9 lọ sí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò sí, ẹ fa ọkọ̀ gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. A ti tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ akọ̀wé. Kí ẹgbẹ́ etíkun kọ̀ọ̀kan mú 20 lọ.

 Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lè nawọ́ sókè.